Mọ́tò Tó Ń Tọ̀ Sílé

Ẹ má rò pé Baby Benz lásán ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Baby Benz ò wọ́n ní Àkúrẹ́. Ẹ máa rí i ní Alágbàká, ẹ máa rí i l'Ọ́jà Ọba, wọ́n tiẹ̀ ń fi àwọn míì kó iṣu. Tèmi ní 2.3-16 lára búùtù. Àbúrò bàbá mi ló rà á ní Jámánì, òun ló gbé e wálé, ó sì fi í sílẹ̀ fún mi nígbà tí ojú ẹ̀ ò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́. Mercedes ló ni ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn Cosworth, ará Ìlú Ọba, ló bá wọn ṣe orí ẹ́ńjìnnì: fáàfù 16, kámúṣáàfù méjì tó ń ṣí wọn. Lọ́dún 1984, nígbà tí wọ́n ń ṣí pápá eré ọkọ̀ tuntun ní Nürburgring, irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n fún àwọn ògbójú awakọ̀ pé kí wọ́n fi díje, Ayrton Senna, tó ṣì jẹ́ ọmọdé láàrin wọn, ló sì gbégbá orókè. Kò tíì sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ náà tí mi ò sọ ìtàn yìí fún. Ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tún dárúkọ Senna lójú ọ̀nà, òun á sọ̀kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a ń ti ìnáwó bọ̀ lọ́nà Ìdànrè. Àwọn ọmọ àdúgbò kan ti mọ bọ́ǹpù tuntun sójú títì, wọn ò kùn ún lọ́dà, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ mi sì súnmọ́ ilẹ̀ ju Baby Benz yòókù lọ, bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ohun tí mo gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni “gbàgà!” Àwọn ìbejì ta jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n figbe ta. Mo ní kò séwu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn Ìyá onílé ló jí mi.

“Bàbá Ìbejì! Mọ́tò rẹ tọ̀ sílé mọ́jú o!”

Íńtálọ́ọ̀kù tí màmá fi sí àgbàlá náà ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ọ́ìlì ti ṣe roboto lórí ẹ̀, ó fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò. Bí màmá bá ti bínú, èdè Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ló máa ń sọ, èmi ọmọ Ọ̀yọ́ a sì máa gbọ́ ìdajì. Ìdajì tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà tó mi.

Mo tẹ́ pálí, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Lóòótọ́, ìdí sọ́ǹpù, agbada tó ń gba ọ́ìlì dúró lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, ọ́ìlì sì so rọ̀ létí ẹ̀ bí ikun imú ọmọdé. Kí ni mo tún ń wádìí? Bọ́ǹpù gbá sọ́ǹpù, sọ́ǹpù ń jò. Ẹjọ́ ti parí.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó bá mi ṣe é, ọmọkùnrin kan tí fíìmù ò kúrò lójú fóònù ẹ̀, gbà pẹ̀lú mi kíákíá, ó yẹ kí ìyẹn ti ya mí lẹ́nu. Ó tú sọ́ǹpù, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí etí ẹ̀ kó má baà jò, ó wá fún gọ́ọ̀mù lé e lórí bí ìgbà tí èèyàn ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Ó ní kò lè jò láyé.

Mọ́jú ọjọ́ kejì: “Bàbá Ìbejì!”

Mo ní àwọn nọ́ọ̀tì náà ni ò le tó. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀tì sọ́ǹpù kéré, kò ju kí èèyàn fún un níwọ̀nba lọ. Èmi fi ọ̀pá gígùn bọ ìdí spánà, mo sì fún wọn pẹ̀lú gbogbo ìbínú tí mo ní sí Ìyá onílé. Nígbà tí mo ṣe tán, gásíkẹ́ẹ̀tì ti yọ síta bí ahọ́n ajá tí òòrùn pa. Jíjò tó ti ń kán tẹ́lẹ̀ wá ń ṣàn.

Ó yẹ kí n ṣíwọ́. Mi ò ṣíwọ́. Láàárọ̀ Sunday tó tẹ̀ lé e, tí mo ti wọ ṣòkòtò funfun fún ṣọ́ọ̀ṣì, mo rántí pé mi ò tíì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù. Mo ní n ó kàn fún un lẹ́ẹ̀kan péré. Ó kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó ṣàdédé rọ̀. Ẹni tó bá ti di spánà mú rí mọ ohun tí rírọ̀ yẹn jẹ́: eyín ti jẹ. Mo fi ìka kàn án pé kí n wò ó, ó sì já bọ́. Ọ́ìlì tó lé ní lítà mẹ́rin gba ọrùn wọ inú síńgílẹ́ẹ̀tì mi, ó gba inú síńgílẹ́ẹ̀tì jáde ní ṣòkòtò. Mo fi àtàńpàkò dí ihò náà, mo wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mi ò lè lọ, mi ò lè bọ̀. Bàtà Ìyá onílé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

“Ṣé ìwọ náà ti ń tọ̀ ni?”

Ìyàwó mi ló wá ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Peugeot kàn, àgbà mẹkáníìkì tó ti ń tún 504 ṣe kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí òsì. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn Senna fún wọn. Wọ́n ní, “Senna yẹn, ṣé òun ló fún nọ́ọ̀tì yìí?”

Bàbá tú sọ́ǹpù. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tó tẹ̀, wọ́n ní kò dé ibi tí asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì wà. Ká ní ó dé ibẹ̀ ni, ẹ́ńjìnnì ì bá ti máa pòǹgbẹ. Asẹ́ náà ni wọ́n wá fi hàn mí. Gọ́ọ̀mù ọ̀gbẹ́ni àkọ́kọ́ ti gbẹ, ó ti ya já, ó ti há sójú asẹ́ ní ìrépé ìrépé bí awọ tòmátì létí ajọ̀. Díẹ̀ sí i, ọ́ìlì ò ní ráyè gòkè mọ́, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kù. Wọ́n fọ gbogbo ẹ̀, wọ́n fi òòlù kékeré to etí sọ́ǹpù tí mo ti fún wọ́, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe eyín tuntun sí i, wọ́n wá dè é padà láìsí gọ́ọ̀mù, ìka méjì péré ni wọ́n fi di spánà.

Ó tún jò.

Bàbá ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní ká fọ ẹ́ńjìnnì látòkè délẹ̀, ká jẹ́ kó gbẹ, ká wá páúdà. Páúdà àwọn ìbejì, agolo ńlá, ni mo gbé jáde. A gbé ọkọ̀ sókè, a sì ń bu páúdà sí ìdí ẹ̀, a ń bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ń fọwọ́ pa á. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá onílé yọ.

Wọ́n dúró. Wọ́n wo agolo páúdà, wọ́n wo ìdí ọkọ̀.

“Ó tọ̀ tán, ẹ wá ń kùn ún ní páúdà. Ó ku kẹ́ ẹ so ìlédìí fún un.”

Bàbá Peugeot rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

A ta ẹ́ńjìnnì, ó gbóná, géèjì ọ́ìlì dúró ṣinṣin lórí 3. Nígbà tó ṣe, bàbá ní kí n wá wò. Etí sọ́ǹpù funfun báláú yíká, àfi ìlà dúdú tínrín kan lẹ́yìn. Bàbá fi tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé ìlà náà lọ sókè, ó kọjá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó ń gòkè, ó ń gòkè, ó di abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí tó wà lórí ẹ́ńjìnnì. Òkè ni ọ́ìlì ti ń ṣàn wálẹ̀, etí sọ́ǹpù ló kàn ń dúró sí kó tó kán. Wọ́n fa gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ yọ. Ó ti gan bí pọ̀nmọ́ tí kò jinná, ó sì kán sí méjì.

“Irú èyí kì í ṣe é lò lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló ṣí ibí yìí láìpẹ́ yìí?”

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú bọ́ǹpù, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan wá láti FUTA. Wọn ò gbà pé kámúṣáàfù méjì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì mi. Mo ṣí kọ́fà kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i, mo sọ ìtàn Senna fún wọn, mo sì dá gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà padà.

Mo sọ fún bàbá pé mi ò mọ̀. Ìyàwó mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun wọlé, jíjò dáwọ́ dúró. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, pálí tí mo tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ ń jí ní gbígbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, “Bàbá Ìbejì!” tún dún. Ọkàn mi já. Mo fi bàtà ẹsẹ̀ kan jáde.

Ọ́ìlì wà nílẹ̀ lóòótọ́, ó ṣe roboto lórí íńtálọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ mi kọ́. Abẹ́ jẹnẹrétọ̀ Ìyá onílé ni. Màmá rí i nígbà tí èmi náà rí i. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ̀rọ̀. Mo wọlé, mo gbé agolo páúdà jáde, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn.

Wọ́n gbà á, wọ́n mì í létí.

“Èyí tó kù yìí,” ni wọ́n wí, “ṣé ó lè tó?”