Láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́ lójú omi: iyọ̀ ló ń darí ọ̀sà Nokoué

Ẹni tó bá rin ọ̀nà omi yìí, láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, lẹ́ẹ̀kan péré kò tíì rí i tán. Ẹ lọ lóṣù Kẹta, kí ẹ tún lọ lóṣù Kẹwàá. Lóṣù Kẹta, omi tó wà nítòsí Kútọnu lè ní gírámù iyọ̀ 25 nínú lítà kan (ti òkun fúnra rẹ̀ tó 35). Lóṣù Kẹwàá, omi odò lásán ni, ó pọ́n bí amọ̀, iyọ̀ rẹ̀ kò sì ju òfo lọ.

Kútọnu ni ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀, lórí afárá tó kọjá lórí ọ̀nà omi tí àwọn Faransé gbẹ́ lọ́dún 1885 kí ìkún omi lè rí ibi sá gbà. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin àbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni òkun ti ní ìlẹ̀kùn sínú ọ̀sà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a wọlé. Nígbà tí odò Wẹmẹ (Ouémé) àti odò Sô bá kún, wọ́n a tì í jáde. Ohun kan máa ń ṣi àlejò lọ́nà: òjò Kútọnu máa ń pọ̀ jù lóṣù Kẹfà, àmọ́ oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá ni ọ̀sà máa ń kún. Òjò apá òkè ló ń bọ̀ yẹn, òun ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Ṣábẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ wọ ọkọ̀ ní èbúté Abomey-Calavi. Ọ̀sà náà fẹ̀ tó 150 kìlómítà níbùú lóròó (km²), síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi inú rẹ̀ kò jìn ju mítà kan àbọ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi tó láti tukọ̀. Àwọn onímọ̀ IRHOB, ilé ìwádìí ẹja àti òkun ní Kútọnu, máa ń fi ẹ̀rọ wọn iyọ̀ inú omi yìí, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kò ju agbára ọmọ abúlé tó mọ̀ọ́kọ lọ. Ẹ bu omi ojú, kí ẹ sì bu ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí omi iyọ̀ wúwo, abẹ́ omi odò ló máa ń rá wọlé. Ẹni tó bá wọn ojú nìkan yóò ní iyọ̀ kò tíì dé, nígbà tó ti wà lábẹ́. Láti mọ bí omi ṣe mọ́ tó, ẹ so àwo pẹrẹsẹ aláwọ̀ funfun àti dúdú mọ́ okùn tí ẹ sààmì sí ní sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ níbi tí òjìji ọkọ̀ bò. Ẹ kọ ibi tó ti pòórá, ẹ fà á bọ̀, ẹ kọ ibi tó ti yọ, kí ẹ mú iye tó wà láàárín méjèèjì. Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni kí ènìyàn gbàgbé wákàtí. Nítòsí afárá, omi àárọ̀ lè yàtọ̀ pátápátá sí ti ọ̀sán, torí òkun ń wọlé ó ń jáde. Iye tí kò ní wákàtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò wúlò.

Apẹja náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: bí edé òkun bá ti ń wọ àwọ̀n, iyọ̀ ti dé. Kí wọ́n máa kọ èyí náà sínú ìwé kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀rọ.

Ibi tí ìwé yẹn ti wúlò jù ni ọ̀ràn koríko ojú omi olódòdó àlùkò (water hyacinth) tí wọ́n ń pè ní togblé, ìyẹn "ìlú ti bàjẹ́". Kì í ṣe ojúoró, kì í ṣe òṣíbàtà. Omi tí kò níyọ̀ ló fẹ́ràn, ó sì máa ń kú bí iyọ̀ bá kọjá gírámù mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú lítà. Àwọn kan á ní kí a jẹ́ kí iyọ̀ pa á. Àṣìṣe ńlá ni. Bó bá kú, á rì, á jẹrà, á gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí, á sì di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Kí iyọ̀ tó dé ló yẹ kí a kó o, kí ó di ajílẹ̀.

Ní Ganvié, ẹ ó rí igbó ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀. Akájà nìyẹn. Èéhọ̀n máa ń hù lára igi, epìyà a wá jẹ ẹ́, a sá pamọ́ síbẹ̀, a bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olówó rẹ̀ a fi àwọ̀n yí i ká, a yọ igi kúrò, a sún àwọ̀n mọ́ra títí ẹja á fi kó jọ sójú kan. Ẹja inú rẹ̀ pọ̀ gan-an. Àmọ́ igi máa ń jẹrà, lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi tuntun kún un, látinú igbó ẹ̀gbà etí omi tí ẹja ń pamọ sí. Jíjẹrà yẹn àti ẹrẹ̀ tí igi dá dúró ló ń sọ ọ̀sà di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Lójú tiwa, ọparun sàn jù: ní ọ̀sà Ebrié ní Côte d'Ivoire, láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn onímọ̀ rì í lóròó nínú ọgbà àwọ̀n, èéhọ̀n hù sí i, ẹja sì jẹun láìsí oúnjẹ àtọwọ́dá. Ìṣòro tó kù ni ti ààyè. Akájà olówó ń dí ọ̀nà apẹja tó ní àwọ̀n kan ṣoṣo, òfin ìjọba nìkan kò sì tíì yanjú ìyẹn. Ní ìwọ̀ oòrùn, ní Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti wọ òkun, Zangbeto, eégún aṣọ́de àwọn Ègùn, ni wọ́n fi ń ṣọ́ igbó ẹ̀gbà kan, èèwọ̀ sì ni láti gé e. Ẹni tí kò bẹ̀rù ìwé àṣẹ bẹ̀rù ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ní Ganvié, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba Totchè, ọ̀nà omi tóóró tó so Nokoué mọ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ibẹ̀ jìnnà sí ẹnu òkun, iyọ̀ kì í tètè dé ọ̀hún, togblé sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Láti Àjàṣẹ́, omi kan náà ń lọ sí Àgbádárìgì títí dé ọ̀sà Èkó. Ọ̀nà yìí ni koríko náà gbà wọ Nàìjíríà, lọ́dún 1984, tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lójú omi Àgbádárìgì.