Píà Comice àti Ìkánjú Mi

Sátidé, ìparí oṣù kẹwàá.

Píà mẹ́rin ni mo ti fi ṣòfò ní ìlú Angers yìí, nílẹ̀ Faransé, kí n tó jẹ ẹyọ kan tó dáa.

Doyenné du Comice lorúkọ rẹ̀ ń jẹ́, ṣùgbọ́n Comice lásán ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ìlú yìí gan-an ló ti ṣẹ̀ wá. Ọgbà ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igi eléso, Comice Horticole, ni igi náà ti kọ́kọ́ so ní ọdún 1849, ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹgbẹ́ yẹn fi wà nínú orúkọ rẹ̀. Èèyàn ò lè gbin hóró rẹ̀ kí ó ká Comice, torí ọmọ tó máa hù kò ní jọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé, wọ́n á so ó mọ́ ara igi mìíràn, cognassier, igi eléso kan tó bá píà tan, ló sábà máa ń jẹ́, títí àwọn méjèèjì á fi lẹ̀ pọ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo Comice tó wà láyé, ara igi kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti wá. Mo ṣì ń rò ó.

Kò rẹwà púpọ̀, kí n má purọ́. Ìdí rẹ̀ tóbi, ọrùn rẹ̀ kúrú, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé àti yẹ́lò, ó sì dà bíi pé ó dógùn-ún káàkiri. Èèpo rẹ̀ kò nípọn rárá. Bí o bá jù ú sínú àpò, ó ti fara pa nìyẹn.

Wọn kì í jẹ́ kó rọ̀ lórí igi. Líle ni wọ́n ń ká a, wọ́n á fi síbi tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti inú ló sì ti ń rọ̀ bọ̀ síta. Èmi ò mọ̀. Méjì àkọ́kọ́, mo gé wọn jẹ bí ẹni ń jẹ iṣu tútù. Méjì tó tẹ̀ lé e, mo ní kí n dúró kí ara wọn rọ̀ dáadáa. Ìgbà tí mo máa là wọ́n, inú ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

Láàárọ̀ yìí, ìyá tó ń ta èso bi mí pé, "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ jẹ ẹ́?" Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Mo ní ọ̀kan fún òní, mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, ó wá fa ọ̀kan yọ.

Ìdúró ni mo jẹ ẹ́ nílé. Omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá mi. Ó yọ́ lẹ́nu bíi bọ́tà, ó dùn, ó sì kan díẹ̀, kò sí yanrìn kankan nínú rẹ̀.

Mo pe Màámi ní Ìbàdàn.

"Màámi, mo jẹ píà kan lónìí!"

"O rí bùrẹ́dì fi jẹ ẹ́ ṣá?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Píà tiwa, aláwọ̀ ewé, oníhóró kan ṣoṣo, ni wọ́n ń rò. Mo wá rántí pé líle ni wọ́n ń ká ìyẹn náà, inú àpò ìrẹsì ni Màámi máa ń bò ó mọ́, àwọn nìkan ló sì máa ń mọ ọjọ́ tó tó jẹ. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n.

"Ọrùn ni mo máa ń tẹ̀," wọ́n ní.