Awọ Tí Ejò Bọ́ Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ilé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn.

Ní òwúrọ̀ òní, nígbà tí mo ń ṣa igi gbígbẹ nínú èyí tí a tò jọ sí ẹ̀yìn ilé, mo rí awọ ejò kan tí ó nà gbọọrọ sáàárín ìtí igi méjì. Mo ta gìrì, mo figbe ta, mo sì ti fò sẹ́yìn kí n tó mọ̀ pé ẹni tí ó ni ín ti bọ́ ọ sílẹ̀, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí àyà mi balẹ̀ díẹ̀ ni mo fi ọ̀pá gígùn kan fà á jáde, tí mo tẹ́ ẹ sórí pèpéle, tí mo sì jókòó tì í.

Láti ọdún tí mo ti ń rí ejò nínú ọgbà yìí, n kò tíì fara balẹ̀ wo awọ rẹ̀ báyìí rí. Ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ, inú rẹ̀ ni ó sì wà níta, nítorí pé ejò a máa fi ẹnu ha ara ohun líle títí awọ yóò fi là létí ẹnu rẹ̀, yóò sì rọra gba ibẹ̀ jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń yí ìbọ̀sẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀. Ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n sún mọ́ra. Ti abẹ́ ikùn fẹ̀, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn àkàbà. Ohun tí ó mú mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ni ìpẹ́ kékeré méjì, roboto, tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì, tí ó wà ní ibi tí ojú wà tẹ́lẹ̀. Ejò kò ní ìpéǹpéjú tí ó ń ṣẹ́. Irú ìpẹ́ báyìí ni ó bo ẹyinjú rẹ̀, ó sì máa ń bọ́ pọ̀ mọ́ awọ yòókù. Ní ọjọ́ mélòó kan kí ejò tó bọ́ awọ, ojú rẹ̀ a máa ṣú bí ẹni pé èéfín wọ̀ ọ́, kì í sì í ríran dáadáa, nítorí náà ni ó ṣe máa ń wá ibi kọ́lọ́fín sá pamọ́ sí. Èyí já sí pé ejò náà wà nínú igi wa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran, nígbà tí èmi ń gbé garawa omi kọjá lọ kọjá bọ̀ níwájú rẹ̀, tí n kò sì mọ̀ rárá. Mo fi téèpù wọn awọ náà, ó lé díẹ̀ ní mítà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awọ a máa nà nígbà tí ejò bá ń bọ́ ọ, nítorí náà ẹni tí ó ni ín kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa gbọ́ igbe mi, wọ́n sì yọjú tàwọn ti kùmọ̀ lọ́wọ́. Mo kí wọn, mo fi awọ náà hàn wọ́n. Wọ́n mi orí.

“Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ ó di ọ̀la o. Ẹ jẹ́ kí a tú igi yẹn kí a sì pa á. Àwọn àgbà ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin bá pa á, kí ejò ṣáà ti kú.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ìfẹ́ ni ó gbé wọn wá. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí a fi í sílẹ̀, mo sì ṣe àlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ síbí yìí.

Ọdún tí a kó dé ilé yìí, ejò mẹ́ta ni a pa. Ẹ̀kẹta, nígbà tí a lù ú, eku kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, orí eku náà ni ó kọ́kọ́ wọlé, bí ejò ṣe máa ń gbé oúnjẹ mì. Inú wa dùn, a rò pé a ti fọ ọgbà mọ́. Kò pẹ́ tí eku fi gba gbogbo ilé, wọ́n jẹ wáyà iná, wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ ògiri, ejò mìíràn sì tún dé. Ó ṣe tán, òórùn eku ni ejò ń tẹ̀ lé. Ahọ́n tí ó ń yọ síwá sẹ́yìn yẹn kì í ṣe ìhalẹ̀ rárá. Òórùn ni ó fi ń kó láti inú afẹ́fẹ́ àti orí ilẹ̀ lọ sí ibi tí ó fi ń mọ̀ ọ́n ní àjà ẹnu rẹ̀. Ejò tí a pa ń kúrò, ohun tí ó pè é wá kò kúrò.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ògiri tiwa lanu ní ibi púpọ̀. Oúnjẹ adìyẹ ń ṣòfò sílẹ̀ lálaalẹ́. Igi wà nílẹ̀ gbalaja. Koríko ga dé orúnkún. Omi dúró nínú àwọn ike àlòkù, ọ̀pọ̀lọ́ sì ń gbé inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ náà jẹ́ oúnjẹ fún ejò. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe, ọ̀nà kúkurú ni mo kọ́kọ́ gbà: mo da káńfọ̀ sí igun ilé, mo sì wọ́n imí-ọjọ́ yí ìpìlẹ̀ ilé ká, bí àwọn èèyàn ṣe sọ fún mi. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí ipa ejò tí ó wọ́ kọjá láàárín imí-ọjọ́ náà, ó ṣe kedere bí ìlà tí a fi ìka fà sínú ìyẹ̀fun. Mo gbá gbogbo rẹ̀ kúrò ní ọjọ́ yẹn gan-an. Láti ìgbà náà ni a ti dí ihò ògiri, tí a gbé igi sórí bíríkì kúrò nílẹ̀, tí a ń gé koríko, tí a sì ń pa oúnjẹ adìyẹ mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ejò kò tán, ṣùgbọ́n ó ti ṣọ̀wọ́n, a kì í sì í rí i nítòsí ilẹ̀kùn mọ́.

N kò sọ pé ejò jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ejò bù jẹ lẹ́sẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n jáde láìtan iná. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ fi okùn di ẹsẹ̀ náà pinpin, ẹnì kan sì fi abẹ sín in, gbogbo wọn rò pé àwọn ń gbà á là ni. Ẹ̀gbọ́n náà yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ ni egbò náà gbà kí ó tó jiná, dókítà sì sọ fún wa pé okùn àti abẹ yẹn dá kún ìpalára náà. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa: kí a bọ́ òrùka àti aago kí ara tó wú, kí a má ṣe gé e, kí a má ṣe fa oró mu, kí a má ṣe dì í pinpin, kí ẹni náà má ṣe rìn, kí a mú kí ẹsẹ̀ tàbí apá náà dúró jẹ́ẹ́ bí èyí tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, nítorí abẹ́rẹ́ apa-oró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lé ejò lọ. Orí ejò tí a ti gé pàápàá ṣì lè bu èèyàn jẹ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ejò ń bu nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù 5.4 jẹ lọ́dọọdún, àti pé àwọn tí ó ń ti ibẹ̀ kú wà láàárín 81,000 sí 138,000. Ọdún 2017 ni wọ́n fi oró ejò sí ipò tí ó ga jù lọ nínú àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì, wọ́n sì gbé ètò kalẹ̀ ní 2019 láti dín ikú tí ó ń fà kù sí ìdajì kí ó tó di 2030. N kò lè ka iye yẹn kí n wá máa fi ejò ṣeré. Nínú irú ejò tí ó lé ní 3,900 láyé, nǹkan bí 600 ni ó ní oró, nǹkan bí 200 péré nínú wọn ni ó sì lè pa èèyàn tàbí ṣe é léṣe gidi. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì dáadáa, pàápàá lójú kòró, nítorí náà gbogbo wọn ni mo ń jìnnà sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa fi ara gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa láti inú ilẹ̀, wọn a sì yà lọ. Paramọ́lẹ̀ kì í sá ní tirẹ̀, ṣe ni ó ń dákẹ́, tí ó gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ ara rẹ̀ tí ó jọ ewé gbígbẹ. Nítorí tirẹ̀ ni tọ́ọ̀ṣì fi so mọ́ ẹnu ọ̀nà wa, tí a kì í sì í ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú kò rí. Àárọ̀ òní, mo ti gbàgbé òfin yìí. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń ṣa igi náà.

Nígbà tí àwọn ìbejì dé láti ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì wọn, mo fi awọ náà hàn wọ́n, a sì tún ka ohun tí a máa ń ṣe bí a bá rí ejò: kí a dúró, kí a rọra fà sẹ́yìn, kí a pe àgbàlagbà, kí a má ṣe sọ òkò. Táíwò ń fi ìka wọ́ ìpẹ́ ojú. Kẹ́hìndé ni ó bi mí léèrè pé, “Màámi, ṣé òtútù kò ní mú un báyìí tí kò ní awọ mọ́?”

Mo ní awọ tuntun ti wà lábẹ́ èyí kí ó tó bọ́ ọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí a lọ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. A jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a dúró lókèèrè, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí òkìtì igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ṣoṣo ni a rí, ó jókòó sórí bíríkì, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò.