Ẹ̀gbọ́n ni Zeus ni, àbí àbúrò?

Iṣẹ́ tòní: yíya ìlà ìdílé àwọn òrìṣà Gíríìkì. Ẹni tó bá ń fi Yorùbá ṣe é á kọsẹ̀ níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n á kàn kọ ọ́ pé bàbá kan náà ló bí Zeus, olórí àwọn òrìṣà náà, àti Poseidon, òrìṣà òkun, ó parí. Tiwa ò lè parí síbẹ̀. Ta ni ẹ̀gbọ́n?

Hesiod, tó kéwì Theogony ní nǹkan bí ọdún 700 ṣáájú ìbí Kristi, ní àbíkẹ́yìn ni Zeus. Bó ṣe tò wọ́n nìyí: Hestia, Demeter, Hera, Hades, Poseidon, Zeus. Homer, akéwì Gíríìkì kejì, ní rárá. Nínú Iliad, ewì rẹ̀ lórí ogun Troy, ìwé 13, Zeus ni wọ́n kọ́kọ́ bí, òun ló sì mọ̀ jù. Nígbà tó di ìwé 15, ipò àgbà yìí ni Iris, ìránṣẹ́ Zeus, fi pẹ̀tù sí Poseidon nínú títí ó fi kúrò lójú ogun Troy: ó rán an létí pé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n làwọn Erinyes, àwọn òrìṣà ẹ̀san, máa ń wà.

Inú Kronos, bàbá wọn, ni kókó rẹ̀ wà. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ni yóò lé e lórí oyè, nítorí náà bí Rhea, ìyàwó rẹ̀, ṣe ń bí wọn ló ń gbé wọn mì. Ìgbà tó kan Zeus, Rhea lọ bí i sí Crete, ó wá wé òkúta ní aṣọ ìkókó fún ọkọ rẹ̀. Ó gbé e mì, kò tiẹ̀ tú u wò. (Pausanias, arìnrìn-àjò Gíríìkì, rí òkúta kan ní Delphi ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi tí wọ́n ní òun ni. Kò tóbi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da òróró sí i.) Nígbà tí Kronos bì wọ́n, òkúta tó wọlé kẹ́yìn ló ṣáájú jáde. Bí a bá ka ìyókù bẹ́ẹ̀, Hestia ló kẹ́yìn, orin ìyìn Aphrodite tí wọ́n ń kà mọ́ ti Homer sì sọ ọ́ gbangba: àkọ́bí ni, òun náà tún ni àbíkẹ́yìn. Zeus nìkan ni wọn ò bí lẹ́ẹ̀mejì, òun ló wá di àgbà wọn. Báyìí làwọn kan ṣe ń pa ìtàn méjèèjì pọ̀. Ó dùn létí, àmọ́ Homer ò sọ̀rọ̀ èébì rí. Ẹ má fi sí i lẹ́nu.

Báírò méjì ló ń gbani: búlúù fún Hesiod, pupa fún Homer. Ẹni tó bá lo ẹyọ kan, Aphrodite ni yóò kọ́kọ́ dà á láàmú. Lọ́dọ̀ Hesiod, inú ìfófòó òkun ló ti jáde, níbi tí nǹkan ọkùnrin Ouranos, bàbá Kronos, tí Kronos fi dòjé gé bọ́ sí. Lọ́dọ̀ Homer, Zeus àti Dione ló bí i. Lórí ìwé oníbáírò kan, ọmọ Zeus ti di àbúrò Kronos, bàbá Zeus, nìyẹn.

Báírò ò sì ran ti àwọn Moirai, àwọn òrìṣà àyànmọ́. Hesiod kan náà ló ní Nyx, òrìṣà òru, dá bí wọn, tó tún ní Zeus àti Themis ló bí wọn. Ìlà méjèèjì la máa ń yà, pẹ̀lú àmì ìbéèrè.

Ní ti àwọn ọmọ Zeus, ẹ tò wọ́n ní ìdí-igi bí ẹni tó fẹ́ pín ogún: Metis, Themis, Eurynome, Demeter, Mnemosyne, Leto, Hera. Ìyàwó méje, ọbàkan yàtọ̀ sí ọmọ ìyá. Hephaistos ò sí lábẹ́ Zeus ní búlúù, Hera ló dá bí i. Ní pupa, Zeus ni bàbá.

Ìdí-igi Leto ló tún fẹ́ ìṣọ́ra. Ìbejì ni Artemis àti Apollo, ìtàn tó wà nínú ìwé ìtàn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní ti Apollodorus sì ní Artemis ló kọ́kọ́ jáde, tó wá gbẹ̀bí àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ Yorùbá á ti fẹ́ kọ Táyé sí Artemis lára, kó sọ Apollo di Kẹ́hìndé, kí àbúrò sì di ẹ̀gbọ́n lójijì. Orúkọ wọn nìkan la kọ, Artemis lápá òsì, Apollo lápá ọ̀tún.