Ohun tí mo kọ́ nípa ìbọn ìléwọ́ tí ọdẹ lè gbára lé

Bí ọdẹ bá ní kí n júwe ìbọn ìléwọ́ tó máa wà lára òun yàtọ̀ sí ìbọn gbọọrọ, ìbéèrè ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: kí lo fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó fẹ́ fi pa ẹran nílò ọ̀pá gígùn, íǹṣì 6 ó kéré tán. Ẹni tó kàn fẹ́ kó wà nítòsí, bóyá ìmàdò tó fara gbọgbẹ́ á yí padà sí i, tàbí béárì á yọ sí i níbi tó ti ń kun ẹran, íǹṣì 4 tó o. Ti ẹni kejì yìí ni mo ń sọ.

Revolver .44 Magnum, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ máa ń wà nínú sílíńdà tó ń yí, ni èmi fara mọ́. Ó ti wà láti ọdún 1955, ọta rẹ̀ kò ṣòro rí, ìbọn kan náà sì máa ń yin ọta .44 Special, tí kì í tàpá tó o. .44 Special yìí ni mo fi ń dánra wò. Mo mọ̀ pé ọta .500 S&W Magnum, tó jáde lọ́dún 2003, lágbára jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù ìtàpá bá ti ń mú ẹ di ojú kó o tó fa trígà, agbára wo ló kù níbẹ̀?

Wọ́n máa ń sọ pé revolver kì í há. Irọ́ ni. Bí ìbọn bá ṣe ń tàpá sẹ́yìn, ọta tó ṣì wà nínú sílíńdà ń fẹ́ dúró sójú kan, ó sì ń yọ́ jáde kúrò nínú ìkarahun rẹ̀, ìyẹn irin tó gba ẹ̀tù sínú, díẹ̀díẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá yọ kọjá iwájú sílíńdà, ó máa kọ́ ara ìbọn, sílíńdà ò ní yí mọ́. Ìbọn fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ki ọta líle sí ló máa ń bá jù. Nítorí náà, bí mo bá ra irú ọta tí mi ò lò rí, màá wọn gígùn ọ̀kan, màá fi í ṣe ìkẹfà, màá yin márùn-ún yòókù, màá sì tún un wọ̀n. Bó bá ti gùn sí i, mi ò gbé irú ọta bẹ́ẹ̀ wọ ìgbẹ́.

Ẹ̀tù tí kò jó tán náà ńkọ́? Hóró kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ irin kékeré tó rí bí ìràwọ̀, tó ń ti ìkarahun ọta jáde, lè mú kí sílíńdà le koko. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sókè kẹ́ ẹ tó ti ìkarahun jáde, kẹ́ ẹ sì tì í lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù dára fún ibẹ̀.

Mi ò bá àwọn tó ń lo ọta 10mm Auto jà, tí wọ́n sábà máa ń fi ìbọn ìléwọ́ tó ń ki ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀ yìn. Glock 20, ọ̀kan lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ń gba ọta 15, ẹni tó bá sì ti mọ́ lọ́wọ́ kò nídìí láti pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ bí ẹranko bá ti gun ẹ lórí, tí ẹnu irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sì rì mọ́ ọn lára, ó lè má yìn. Revolver máa yìn. Bí ọta kan bá sì kọ̀, ẹ tún trígà fà, òmíràn á bọ́ síbẹ̀.

Fún ẹran tí awọ àti egungun rẹ̀ nípọn, ọta òjé líle tí orí rẹ̀ tẹ́jú ni kẹ́ ẹ lò. Ó máa ń wọlé jinlẹ̀. Èyí tó ń fẹ̀ bó bá ti wọlé, àgbọ̀nrín ló yẹ.

Akọ̀ ìbọn ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Bẹ́líìtì àpò ẹ̀yìn máa ń bo ti ìbàdí, ìdí nìyẹn tí tèmi fi wà láyà. Kó bo trígà pátápátá. Ìbọn onírin yìí ju kìlógíráàmù kan lọ, èjìká yóò sọ fún yín kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ ó sì fẹ́ jù ú sínú àpò. Inú àpò kọ́ ni béárì máa dúró dè yín kẹ́ ẹ ti wá a.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ wádìí òfin. Àwọn ibì kan ò gba ìbọn ìléwọ́ nínú ìgbẹ́ ọdẹ rárá, ibòmíràn sì ti sọ bí ọta ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá fi ìka mi sílíńdà. Bó bá ń mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.