Ìpàkọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

"Ọ̀gá, ta ló fi ọ̀bẹ ṣá yín nípàkọ́?"

Onígbàjámọ̀ kan ní Sùúrùlérè ló bi oníbàárà rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bá yíjú wò ó. Ọ̀gá yìí ti gbin irun síwájú orí tó pá, lókè òkun, ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Irun iwájú hù dáadáa. Ọjọ́ tó ní kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀ nítorí ooru ni àṣírí tú: ilà funfun kan, láti ẹ̀yìn etí ọ̀tún dé ẹ̀yìn etí òsì. Òun fúnra rẹ̀ ò rí i rí. Ọjọ́ kẹta ló wá bá mi, fìlà lórí, ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé àpá máa wà.

Ẹ̀yin àbúrò mi dókítà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ irun gbíngbìn yìí, àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Iwájú orí ni oníbàárà ń wò nínú dígí, iwájú náà làwa náà ń ya fọ́tò rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn la ti lọ kó irun ọ̀hún, torí irun ìpàkọ́ kì í sábà bá ti iwájú pá. Ibi tí a ti kó o ni gbèsè wà.

Ọ̀nà méjì la fi ń kó irun náà. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní FUT, a máa ń gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan kúrò nípàkọ́, a ó sì rán ojú rẹ̀ pọ̀. Bí a bá gé e fẹ̀ jù, awọ á fà, àpá náà á sì máa fẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú okùn. Ti ọ̀nà kejì, FUE, ohun èlò ẹlẹ́nu róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà kan la fi ń yọ gbòǹgbò irun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni èmi ti ṣìnà. Mo fi ẹnu ara mi sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé "kò ní hàn rárá." Gbòǹgbò 3,000 la yọ lórí rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fá orí, ó wọlé, ó yí ẹ̀yìn sí mi: tóótòòtó funfun káàkiri, àfi bí ẹni tí wọ́n fọ́n gaàrí sí lórí. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Dókítà, ṣé 'kò ní hàn rárá' náà rèé?"

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mú bírò. Ihò kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 0.9, ní ọ̀nà 3,000, bí ẹ bá kó gbogbo wọn jọ, ó tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 19. Àpá ilà ti FUT tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, tó fẹ̀ ní mìlímítà 2, kò ju sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 5 lọ. Àpá FUE ló pọ̀ jù, ó kàn fọ́n ká ni! Bí irun bá wà lórí rẹ̀ díẹ̀, ojú ò ní tètè mú un. Bí wọ́n bá fá a, tàbí bí a bá yọ ọ́ jù lójú kan, ó parí.

Tiwa tún le ju ti òyìnbó lọ. Bí irun wa ṣe ká lókè, bẹ́ẹ̀ ló tẹ̀ lábẹ́ awọ. Ẹni tó bá lu ihò rẹ̀ gbọọrọ á gé gbòǹgbò, ìdí nìyí táwọn kan fi ń lo ohun èlò tó fẹ̀ sí i, ihò á sì hàn sí i. Awọ dúdú náà kì í fi ibi tí àwọ̀ ti ṣí pa mọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kílọ́ìdì, àpá tó máa ń wú kọjá ojú ọgbẹ́. Ẹ má bi oníbàárà bóyá ó ní in, ọ̀pọ̀ ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo àyà, èjìká, ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára apá òsì, ihò etí, àgbọ̀n. Ẹ bèèrè ti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Bí ara bá fu yín, ẹ yọ gbòǹgbò díẹ̀ fi dán an wò, kí ẹ dúró ó kéré tán oṣù mẹ́ta, torí kílọ́ìdì kì í yára. Bí kókó bá sì ti ń yọ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá gé irun, ẹ tọ́jú ìyẹn ná.

Ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí ò gba ìwé: "Báwo lẹ ṣe máa ń gé irun yín?" Fún obìnrin tí dídì ti fa irun etí ìwájú rẹ̀ tu, mo máa ń bi í irú irun tó ń dì. FUT lè bá a mu torí kò ní fá ẹ̀yìn orí, irun gígùn á sì bo ìlà náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ṣùkú ló fẹ́ràn, ojú ọ̀nà irun á gba orí àpá kọjá, gbogbo ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì á sì rí i.

Ní ti ọ̀gá Sùúrùlérè, a gbin irun sínú àpá náà. Díẹ̀ hù, díẹ̀ ò hù, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn dáadáa nínú àpá. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tọ́ àwọ̀ dúdú sí i, ọ̀rọ̀ fínfín yẹn ò bá òun lára mu. Ó ń dá irun ẹ̀yìn sí díẹ̀. Ọjọ́ tó fẹ́ máa lọ ló mú dígí kékeré onígbàjámọ̀ tí mo fi sórí tábìlì, ó kọjú ẹ̀yìn sí dígí ńlá ara ògiri, ó wo ìpàkọ́ ara rẹ̀ pẹ́. "Àṣé ibí yìí ló gbà," ló wí, ó sì dé fìlà rẹ̀.