Kò Sí Brenda Lọ́dọ̀ Wa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, 27 oṣù Kìíní ọdún 2004. Èmi ni mo ń tọ́jú sáfà ímeèlì ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà wọlé, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́. Sátẹ́láìtì la fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ọ̀nà ìjáde wa ò sì ju 64 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ìṣirò owó ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí báńkì kọ̀, kò lọ.

Mo tẹ mailq, àṣẹ tó ń fi àwọn lẹ́tà tó ń dúró láti jáde hàn. Ìlà lẹ́tà kò lópin. Brenda, Claudia, Stan, orúkọ ilé-iṣẹ́ wa ló wà lẹ́yìn àdírẹ́sì gbogbo wọn. Kò sí Brenda lọ́dọ̀ wa.

Mydoom ni, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń gba inú ímeèlì tàn kálẹ̀, ọjọ́ tó ṣáájú ló jáde. Kòkòrò yìí á tú àdírẹ́sì jáde nínú fáìlì ẹni tó bá kó sí lára, á fi ọ̀kan ṣe ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá, á fi òmíràn ṣe ẹni tó kọ ọ́. Ó tún ń fi orúkọ tó gbé dání, bíi Brenda, dá àdírẹ́sì sílẹ̀. Fáìlì rẹ̀ jẹ́ 22,528 báìtì, àmọ́ nínú lẹ́tà ó ju 30,000 lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ni ọ̀kan fi ń kọjá lọ́nà tiwa. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀nà ti dí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èsì tiwa ló pọ̀ jù lórí ìlà yẹn. Sáfà mi á kọ́kọ́ gba lẹ́tà wọlé, ẹ̀yìn náà ló ń rí i pé kò sí Brenda. Á wá dá a padà fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn àpò ìwé, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Ẹni yẹn ò kọ̀wé sí wa rí! Bí sáfà ẹni ọ̀hún kò bá sì dáhùn, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni sáfà mi á fi máa gbìyànjú.

Mo kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún sáfà, kó máa lé àlejò tí kò mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo wá ti pọ́ọ̀tù 25, ẹnu ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà jáde, lórí ráútà tó so wá mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà àfi sáfà nìkan. Kò pẹ́ tí mo fi rí kọ̀ǹpútà kan tó ń kanlẹ̀kùn láìsinmi. Ti ẹ̀gbọ́n ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣí fáìlì kankan láàárọ̀ yìí?"

"Mo ṣí ọ̀kan. Àwòrán ìwé ló wà lára rẹ̀, mo rò pé oníbàárà ni."

Mo yọ wáyà rẹ̀. Mo pa àwọn èsì tó wà lórí ìlà rẹ́. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìwé owó oṣù dé báńkì.